Ọjọ́ Tí Adìyẹ Gbé Ayé Mì

Òórùn ọ̀dà ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Nígbà tí mo jáde sí àgbàlá wa ní àdúgbò Life Camp, mo bá Dádì lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń kun díìṣì tẹlifíṣọ̀n wa ní yẹ́lò. Wọ́n ní oòrùn ni. Mọ́mì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n káwọ́ lérí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Dádì, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run lọkàn wọn wà. Wọ́n ti bẹ alága ẹ́sítéètì wa pé kó jẹ́ kí àwọn to oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí àwọn ọmọdé lè mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Bí oòrùn bá tó díìṣì, Júpítà á tó ọsàn. Ọsàn ọjà Zuba ni wọ́n lò. Nẹ́ptúnù, àgbálùmọ̀ kékeré kan, wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ayé wa yìí, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Dádì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìdérí ìgò, ó fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ jìnnà sí oòrùn.

Alága ní òun yóò gun kẹ̀kẹ́ wá wò ó láago mẹ́wàá. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí Dádì kó ọ̀run wọn kúrò lọ́nà.

Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni wọ́n ní kí n ṣọ́ Ayé. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà mi ni. Adìyẹ kan tí n kò mọ ilé tó ti wá sá dé, ó ṣá Ayé lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e mì.

"Dádì!" mo figbe ta. "Adìyẹ ti jẹ ayé!"

Bí nǹkan bá ti wọ́n lọ́jà, Mọ́mì a máa sọ pé, "Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́." Lọ́jọ́ náà, eré la sá tọ̀ ọ́. A lé Ayé kọjá Máàsì, a lé e dé Júpítà. Mọ́mì fúnra wọn, tí wọn ò tíì bá Dádì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ní kí n sáré lọ mú ẹ̀wà mìíràn wá nílé. Dádì kọ̀ jálẹ̀.

"Rárá o. Ayé kan ṣoṣo la ní. Gbé e padà sí àyè rẹ̀, kí o sì dì í mú."

Báyìí ni alága ṣe bá mi lórí ìdúró, adìyẹ láyà mi, ó ń yàgbẹ́ sí mi láṣọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

"Kai! Kí lèyí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ayé ni, sà. Inú adìyẹ yìí ló wà."

Wọ́n wo adìyẹ, wọ́n wo Dádì tí òógùn ti bò. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi Dádì rẹ́rìn-ín, Dádì ò ní gbàgbé láéláé.

"Ṣé gbogbo wa náà la wà nínú ẹ̀?" alága béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin náà."

Wọ́n tún fìlà wọn ṣe. "Dì í mú dáadáa o," ni wọ́n wí, wọ́n sì rọra gun kẹ̀kẹ́ lọ sápá Júpítà.

Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, Dádì wá kí mi níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìrìn òṣùpá fún àwọn oníbàárà tó tò sórí ìlà. Mo fà wọ́n lápá, mo ní, "Dádì, ó tó, àwọn èèyàn ń wò wá." Wọ́n dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ọmọbìnrin kan wà rí tó lè dúró ti bàbá rẹ̀ lójú gbogbo Life Camp, tòun ti ìgbẹ́ adìyẹ láyà. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́ nù.