Àdúrà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Bá Mi Gbà Nítorí Ọmọ Tó Ń Jó Létí Pápá

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ilé oògùn kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù tí à ń gbé, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì kàwé dáadáa kó tó débẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí kò jìnnà sí wa bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, òun àti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ aṣọ péńpé, wọ́n á jó létí pápá, wọ́n á máa gbé ara wọn sókè kí àwọn èrò lè hó. Ọdún méjì ló fi ṣe é kí n tó mọ̀. Ó ní jíìmù lòun ń lọ.

Ìyá kan tí a jọ ń ṣe àsàlátù, ìyẹn àdúrà tí àwa obìnrin máa ń pàdé ṣe ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Àìkú, ló fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí wasáàpù. Kò kọ ohunkóhun sí i, àmì ìbéèrè nìkan ló fi sí i. Mo wo fọ́tò náà títí ojú fi ń ro mí. Itan ọmọ mi wà níta gbangba, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Ọmọ tí mo kọ́ ní Fátíhà kó tó mọ bàtà tirẹ̀ wọ̀.

N ò bá ọ̀kan nínú irú wọn sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ mo mọ gbogbo nǹkan nípa wọn. Mo mọ̀ pé nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe ń kó wọn jọ. Mo mọ̀ pé bí eré bá parí, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń kó wọn lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò lórí ìwé ló ń ṣe é. Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́ni. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì àti níwájú ẹni tó ń ta ẹran náà ni, èmi pàápàá sì wà lára àwọn tó ń sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó ń ṣe àlùwàlá, ó ká apá aṣọ sókè, mo sì rí àmì ìka èèyàn tó ti dúdú lápá rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló dì ọ́ mú báyìí?"

"Nobody, Mummy. Practice ni."

"Practice kí ni? Ṣé wọ́n ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di èèyàn mú ni?"

"Mummy, èmi ni mo ń gbé àwọn tó ń lọ sókè. Tí wọ́n bá ń já bọ̀, èmi ni mo ń catch wọn. A ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn players yẹn ṣeré, it's in the contract. Ẹ wá wò wá ní Saturday, please."

Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ mi débẹ̀.

Ní àsàlátù wa, kí a tó túká, Ìyá Àdínì tó jẹ́ olórí wa máa ń béèrè ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn. Onítọ̀hún á dìde, á sọ ọ́, gbogbo wa á gbọ́wọ́ sókè. A kì í sì í yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú àdúrà títí ẹni tó gbé e wá á fi dìde padà láti dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo dìde.

Mo ní, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún ọmọ obìnrin kan tó ń gbé ara rẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù."

N ò dárúkọ. Ta ni mo fẹ́ tàn jẹ? Àmín wọn gba gbogbo ilé. Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà, mo rí ọmọ mi níbi tí a ń bọ́ bàtà sí, ó gbé kóòtù mi dání. Òjò ló rí tó fi ní kóun wá fi mọ́tò gbé mi.

A délé, ó bá mi fi kóòtù náà kọ́.

"Mummy, ṣé ohun tí ẹ rò nípa mi nìyẹn?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Mummy. Ohùn yín ni mo gbọ́."

Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti kó lọ sí Deptford.

Nígbà tó yá, mo lọ wò wọ́n. Kí n má purọ́, mo lọ wá ẹ̀rí pé èmi ni mo jàre ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kọjá lára wọn, wọn ò tiẹ̀ wò wọ́n. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ń fi orí bọ̀ nílẹ̀. Ọmọ mi sáré bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi àyà gbà á. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà gbá a lẹ́nu. Ọmọ mi dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ wà léyín rẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi pariwo ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí wọn. Ojú tì mí débi pé mo fi gèlè bojú, torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní mọ́ṣáláṣí náà ló ń sọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kàn fi sọ ọ́.

Mo dúró dè é lẹ́nu géètì. Ó fi yìnyín lé ètè, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí mi níṣojú àwọn òyìnbó.

Mo ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Ó ní, "Mummy, ṣé ẹ ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé irọ́ ni?"

"Màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú."

Ó mi orí pé òun gbọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú pé, mo dìde. Ayọ̀ hàn lójú Ìyá Àdínì.

"Àlùháńdùlílàhì! Ṣé ọmọ yẹn ti fi í sílẹ̀?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi, inú wọn ń dùn fún mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, màá gbà níwájú wọn pé èmi ìyá ni mo parọ́ mọ́ ọmọ mi nílé Ọlọ́run. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Ẹ máa bá mi fi àdúrà kún un."

Mo jókòó. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè fún ọmọ mi, èmi náà sì ń ṣe àmín.