Ìyàwó Pánhán Kọ̀ Láti Parọ́ fún Ọkọ Rẹ̀

Mo fi irùngbọ̀n mi búra, nítorí òun nìkan ló kù lára mi tí kò tíì hùwà òmùgọ̀ rí: gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ọbẹ̀ má dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlerò, kó béèrè ilé Ìyàwó Pánhán. Ọmọdé tó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò mú un débẹ̀.

Gbémisọ́lá ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, òrí ló sì ń ṣe tà. Ìyàwó Pánhán tí wọ́n ń pè é, èébú ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ ní kó lọ wá igi òrí kan fúnra rẹ̀, tí yóò máa ṣa èso rẹ̀, bí àwọn ọmọbìnrin ilé wọn ti ń ṣe. Gbémi rí igi kan létí oko bàbá wọn. Ewé rẹ̀ gùn, ó ṣù jọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, bí ewé òrí gan-an. Ó ń gbá abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, ó ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, ó sì ń bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ jà. Kí òjò tó dé, igi náà so èso gbígbẹ kan tó ní apá méjì, apá kan gùn, apá kan kúrú, atẹ́gùn sì gbé gbogbo rẹ̀ fò lọ. Gbémi ní kò burú, yóò tún so òmíràn. Àkókò òrí dé, igi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń já èso bọ́ pọ̀tọ̀-pọ̀tọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, ó ń kán sí wọn láyà. Igi tirẹ̀ dúró gbagidi, kò já ohunkóhun.

“Gbémi, òrí tìẹ dà?” Àríyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kángun sí tiwọn, bi í.

“Ó ń bọ̀.”

“Ṣé láti Ṣakí ló ti ń rìn bọ̀ ni?”

Àṣé pánhán ni igi náà. Pánhán àti òrí jọ ara wọn bí ìbejì, àfi pé èso ti pánhán kì í ṣe ohun tí ẹnu ń jẹ. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyàwó Pánhán nìyẹn.

Ọmọ mìíràn ì bá sunkún. Inú ló bí Gbémisọ́lá. Ó ní igi kankan kò ní í tan òun jẹ mọ́ láyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé, ó ń ha èèpo, ó ń gbóòórùn òdòdó, títí ó fi pín gbogbo igi inú ọ̀dàn sí ìdílé mẹ́rin: àwọn tó ń sun wàrà, àwọn tó ń sun ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń sun omi, àti ìdílé ahun, tí wọn kì í sun ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Òrí wà nínú ìdílé wàrà. Osùn wà nínú ìdílé ẹ̀jẹ̀. Pánhán, ahun ni. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wo òdòdó: èwo ló ń yọ kí ewé tó yọ, èwo ni oyin ń lọ bá, èwo ló ń dúró kí iná jó igbó tán kó tó rẹ́rìn-ín. Ẹ di ojú rẹ̀, kí ẹ fi ewé kan sí i lọ́wọ́, yóò sọ orúkọ ewé náà, yóò sì sọ ẹni tó já a. Nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó dá àlùfáà dúró lórí ìwàásù, ó ní òdòdó tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ yẹn, ewé tó máa ń mú kí ewúrẹ́ yàgbẹ́ gbuuru ni.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò rẹ̀ Ọlátúnjí, tó jẹ́ olórí ilé wọn, gbà fún àwọn eléèédú kan kí wọ́n wá gé igi orí ilẹ̀ bàbá wọn, èyí tó ti ń sinmi láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sọ fún wọn bí àwọn baba ti máa ń sọ: igi òrí àti igi irú, a kì í gé e. Ìyókù, ẹ máa kó o.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Success ni ọ̀gá wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agégi dé, igi àyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀, gbì, gbì. Gbémisọ́lá ń po òrí lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ariwo náà. Kò tilẹ̀ fọ ọwọ́ tó fi bọ́ sọ́nà. Àríyọ̀ sáré tẹ̀ lé e.

Kùkùté kan ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Oje funfun ń sun lójú rẹ̀.

“Ta ló gé òrí?”

“Màmá, ẹ káàsán o,” ni Success wí. “Kì í ṣe òrí. Pánhán ni.”

“Ìgbà wo ni pánhán bẹ̀rẹ̀ sí í sun wàrà? Ó bímọ ni?”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹyẹ àtíòro kan tó bà sórí igi kan nítòsí rẹ́rìn-ín, kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Ọlátúnjí, tó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, kìlọ̀ pé òrí kankan kò gbọdọ̀ ṣubú mọ́.

Ó dun Success wọnú eegun. Ó nawọ́ sí igi ńlá kan létí oko, tí òdòdó funfun bò, tí oyin ń kùn yí ká.

“Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igi, èyí ńkọ́? Bó bá jẹ́ òrí, a ò ní fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ pánhán, tiwa ni.”

Igi yẹn náà ni. Igi tó sọ ọ́ di ẹlẹ́yà lọ́mọdé, òun ló sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Títí di òní, kò yé gbá abẹ́ rẹ̀.

Àríyọ̀ fà á láṣọ. “Sọ pé òrí ni, jàre. Ta ló máa bá ọ jiyàn?”

Ọlátúnjí náà sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fún wọn lọ́rọ̀ mi, mi ò lè kó o jẹ. Ẹ ṣáà pè é ní òrí, kí gbogbo wa máa lọ sílé. Irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni ni.”

“Tí mo bá pe pánhán ní òrí lónìí, kí ni wọ́n máa pe òrí lọ́la?” Ó tọ́ka sí kùkùté yẹn. “Ẹni tó pe òrí ní pánhán, ẹ wo ohun tó ṣe. Ṣé kí èmi náà wá gba ọ̀nà tó gbà?”

Ó já ewé kan, ó ya á sí méjì lójú gbogbo wọn. Ó gbẹ táútáú.

“Pánhán ni! Ìdílé ahun. Kò ní wàrà, kò ní òrí, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá jẹ òun. Ẹ ò sì ní gé e.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí pé tèmi ni.”

Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó ṣa ṣùkù àgbàdo kan nílẹ̀. Ó tú gèlè, ó fi so méjèèjì mọ́ ara igi náà gírígírí. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ààlè sí, kí ayé rẹ̀ ṣófo bíi ṣùkù, kó sì máa tiro bí ẹni tó wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.

Ohùn Success ti wálẹ̀. “Màmá, a kì í fi ààlè sí ohun tí kì í ṣe teni. Ẹ jẹ́ kí olórí ilé sọ̀rọ̀.”

Gbogbo ojú yí sí Ọlátúnjí. Ó wo ààlè, ó wo ẹsẹ̀ lásán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dúró lórí koríko gbígbẹ.

“Igi ilé wa ni mo fún yín,” ó wí. “Mi ò fún yín ní èyí tí ẹnìkan ti ni. Ẹ bi gbogbo Ìlerò léèrè, ìyàwó igi yìí ni wọ́n ń pe obìnrin yìí kí irun rẹ̀ tó funfun. Ṣé ẹ fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ ọlọ́kọ ni?”

Success ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ẹni tó gbé e dání gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ọ̀gá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gé e. Èmi níyàwó nílé.”

Àtíòro tún rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó àyìn lọ, wọ́n kó ọ̀pọ̀ igi mìíràn lọ, ilẹ̀ náà sì dà bí orí tí wọ́n fá. Pánhán ṣì wà níbẹ̀, òun àti sálúbàtà ọrùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan lásán, ni Gbémisọ́lá fi rìn délé; Àríyọ̀ fẹ́ yá a ní tirẹ̀, ó kọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá pè é ní Ìyàwó Pánhán, òkò ni yóò fi dá yín lóhùn. Nísinsìnyí, yóò gbé orí sókè, yóò ní, “Èmi nìyí. Ọkọ mi ń kí yín.”

Ṣùgbọ́n nítorí irùngbọ̀n tí mo fi búra, ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kékeré kan ṣe. Kò sí àtíòro kankan lórí igi lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fara pamọ́ sẹ́yìn igbó, tí mò ń rẹ́rìn-ín.