Ìyáálé Mi Tó Wà ní Òṣogbo

Ọkọ mi ti ń wa ẹ́ńjìnnì rélùwéè eléèédú kí ó tó fẹ́ mi, nítorí náà ìyáálé ni mo máa ń pe ẹ́ńjìnnì yẹn. Ìyáálé burúkú ni. Èmi wà ní Èjìgbò, òun wà ní Òṣogbo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọkọ wa ń gbé. Tí ó bá wálé, mo lè fọ aṣọ rẹ̀ títí ọwọ́ mi yóò fi bó, dúdú èédú kò ní kúrò níbẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ni àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo dísù dé. Wọ́n pa iná ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n ní kí ọkọ mi máa lọ sílé. Mo rò pé ó ti di tèmi nìkan. Irọ́ ni! Wọ́n gbé ìyáálé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè ní Òṣogbo, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà kí àwọn èèyàn lè máa wò ó. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ọkọ mi á mú àkísà àti epo ẹ̀rọ, á lọ nù ún.

Lọ́jọ́ kan, mo bá a lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn ẹ́ńjìnnì náà, bó ṣe máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá omi inú rẹ̀ ti gbóná. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ó ní, "Ó tutù."

Mo ní, "Òkú ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìgbà ọyẹ́ ọdún náà ni ọkọ mi kú, ní òwúrọ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú sùn nílé. Kí wọ́n tó kírun Àlàásárì, ilẹ̀ ti bò ó.

Ìyáálé mi ṣì wà ní Òṣogbo. Wọ́n tún ti kùn ún.