Ìṣẹ́jú Tí Mo Yọ Kúrò

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni mo jáde ní yunifásítì, tí mo sì padà sí yàrá ìyá mi ní Bájúláyè láti máa retí lẹ́tà àgùnbánirọ̀. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìbẹ̀rù ti tán nílùú. Èmi ò rí ibi tó tán sí. Lásìkò yẹn, láti Bàrígà dé Ṣómólú, àwọn ọdẹ àdúgbò kì í béèrè orúkọ kí wọ́n tó gbá ẹni tó bá ń sáré ní ìdájí mú. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá.

"Tíṣà, kò tíì rẹ̀ yín?" ni àwọn ọdẹ máa ń béèrè.

"Ọjọ́ tó bá rẹ olè ló máa rẹ èmi náà."

Tíṣà yìí ló kọ́ mi ní pírámárì kẹrin. Yàrá kejì sí tiwa ni àwọn àti Màmá, ìyàwó wọn, ń gbé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, síbẹ̀ wọ́n tún ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Bàrígà, àwọn náà ló sì bá mi wá iṣẹ́ síbẹ̀. Tí a bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á yà sí ilé ìtẹ̀wé kan tàbí òmíràn, wọ́n á ṣa àwọn bébà tí wọ́n gé kúrò lára kàlẹ́ńdà àwọn kánsẹ́lọ̀ tuntun, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán wọn pọ̀, wọ́n á sì sọ wọ́n di ìwé fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lè ra ìwé.

Ní ìdájí, wọ́n á sáré láti géètì wa dé Àkọ́kà, wọ́n á sì sá padà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ń sá a. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ife ẹ̀yẹ rí. Ohun tí wọ́n ní kò ju rẹ́jísítà kan, irú èyí tí a fi ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì, tí wọ́n fi báírò pupa kọ iye ìṣẹ́jú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí. Wọn kì í fúnra wọn ka aago eré, èyí tí a ń tẹ̀, tí a sì ń fi okùn kọ́ ọrùn. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í máàkì ìwé ara rẹ̀. Màmá ló ń bá wọn di aago náà mú tẹ́lẹ̀, kí orúnkún Màmá tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Nígbà tí mo dé, ó kàn mí; ní ìdájí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kan fèrèsé mi.

"Ọ̀mọ̀wé," Tíṣà sọ fún mi, "iṣẹ́ tó yẹ dìgírì ẹ rèé."

Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe, ṣùgbọ́n ní ìdájí, ó kéré tán, ẹnìkan ń fẹ́ gbọ́ ohun tí mo bá sọ.

Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n padà dé, tí wọ́n fi ọwọ́ kan di géètì mú, tí wọ́n fi èkejì tẹ àyà. Ẹnu wọn là, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀rù tó bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ikú nìkan. Ó tún jẹ́ ẹ̀rù pé èmi nìkan ni mo rí i.

"Má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ. "Bàtà mi ló máa kọ́kọ́ gbé pamọ́. Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì, sà."

Wọ́n mi orí. Méjìdínlógójì ni wọ́n ń sá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹra mọ́ ọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì dé pẹ̀lú mẹ́tàlélógójì, ètè wọn funfun. Bí iye náà ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n túbọ̀ ń fipá sáré. Ìgbà yẹn ni mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n dá. Tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ń sá a dáadáa, wọn ò ní fipá sá a mọ́. Wọn kì í wọ gíláàsì sáré, wọn ò sì lè rí nọ́ńbà kékeré ojú aago. Lọ́jọ́ kẹta mo wo mẹ́rìnlélógójì, mo sì pè é ní mọ́kàndínlógójì.

Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Iye tòótọ́ ni mo kọ sínú ìwé kékeré kan tí wọ́n fi bébà kàlẹ́ńdà rán fún mi. Mi ò mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́. Bóyá mo fẹ́ kí ibì kan wà tí mi ò ti purọ́.

Ìgbà tí mo dé orí mẹ́tàdínlógójì ni ọgbọ́n mi yí pa dà mọ́ mi lọ́wọ́. Ní yàrá àwọn olùkọ́, Tíṣà dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ sáré ní íńtáháòsì ọdún náà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi eré àwọn olùkọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, eré tí ẹni mẹ́rin ń na ọ̀pá sí ara wọn. Wọ́n ní ipò ìkẹyìn, níbi tí eré ti ń le jù, ni àwọn máa dúró sí.

"Bàbá, ṣé kí n gbé àga tẹ̀ lé yín?" olùkọ́ ìṣirò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Gbé e dání. Ìwọ lo máa jókòó sí i tí mo bá kọjá lára ẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, mo tún wo iye tòótọ́ nínú ìwé kékeré mi. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ṣubú lórí pápá yẹn, irọ́ mi ló tì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ló wà níwájú wa. Lójoojúmọ́ ni mò ń múra láti sọ òótọ́, lójoojúmọ́ sì ni mò ń tún irọ́ pa.

Àárọ̀ ọjọ́ íńtáháòsì ni mo tó lọ bá wọn lórí pápá. Àwọn fúnra wọn ló ń fi eérú fa ìlà tí àwọn ọmọ máa sá gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Kí ló tún ń bà ẹ́ lẹ́rù? Ìjọ̀gbọ̀n ẹ kì í tán."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ jù, mo ń ṣàlàyé bí ọkàn mi ṣe rí àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè.

"Mélòó ni ti àná gan-an?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta."

"Ọjọ́ mélòó lo ti ń ṣe é?"

"Mẹ́tàdínlógún, sà."

Wọ́n tún tẹ̀ síwájú pẹ̀lú eérú náà. Ìlà tó ti ń lọ gbọọrọ wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní àyọkúrò," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ̀ pé orí mi lo máa lò ó lé."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n sì gba aago náà lọ́rùn mi. Nígbà tí eré àwọn olùkọ́ kàn, ẹlòmíràn ló dúró sí ipò wọn.

"Bàbá, ẹ sá fún wa ni?" olùkọ́ ìṣirò béèrè.

"Aago ni mo fẹ́ kà lónìí," ni Tíṣà dáhùn. "Ẹni tó ń kà á tẹ́lẹ̀ ò mọ̀ ọ́n kà."

Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọn ò fi kan fèrèsé mi. Ní ìdájí kọ̀ọ̀kan mo máa ń jí, mo máa ń tẹ́tí sí géètì. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé wọ́n á lọ sáré láwọn nìkan, kí aago má sí, kí ẹlẹ́rìí má sì sí. Mo ronú pé kí n lọ sọ fún Màmá. Àmọ́ mo ti da Tíṣà lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá tún dà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí ló kù? Ní ọjọ́ kẹfà, mo rí i pé ìtìjú mi ni mò ń dáàbò bò, kì í ṣe Tíṣà. Mo pinnu pé tí ilẹ̀ bá mọ́, màá sọ ọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, fèrèsé mi dún.

Mo jáde. Rẹ́jísítà wà lábẹ́ apá Tíṣà. Màmá jókòó lórí pèpéle nínú ìró, káàdì ọsíbítù wà lọ́wọ́ wọn.

"Mo ti sọ fún un," Tíṣà wí, wọ́n fi ojú tọ́ka sí Màmá. "Kò tíì dẹ́kun ìjà. Níbo ni èsì tòótọ́ wà?"

Mo mú ìwé kàlẹ́ńdà wá. Nínú rẹ́jísítà, wọ́n ti fi báírò pupa fagi lé gbogbo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún náà. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ iye tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n sì dúró lé mi lórí bí ìgbà tí mo wà ní pírámárì kẹrin. Nígbà tí mo parí, wọ́n gbé aago náà kọ́ mi lọ́rùn.

"Dókítà ní rírìn ni kí n máa rìn," ni wọ́n wí. "Títí wọ́n á fi yẹ àyà mi wò tán. Ṣé wọ́n máa ń ka ìṣẹ́jú ẹni tó ń rìn?"

"À á kà á, sà."

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mò ń wo bàtà kánfáàsì wọn títí tó fi yà ní kọ́nà ilé ìtẹ̀wé. Èmi àti Màmá jókòó, a ń wo kọ́nà náà. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá. Àádọ́ta kọjá. Nígbà tó pé wákàtí kan, Màmá dì mí lọ́wọ́ mú, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù tí mò ń dá gbé látẹ̀yìn ti di ti àwa méjèèjì. Kò fúyẹ́ nítorí ìyẹn.

Wọ́n yọ ní kọ́nà. Wọ́n rìn dé géètì, wọn ò dì í mú.

"Mélòó? Sọ ọ́ sókè, kí Màmá gbọ́."

Mo gbé aago náà sún mọ́ ojú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá, sà."

Tíṣà ṣí báírò pupa, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.