Ọ̀rọ̀ Bàbá lára fẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kọ sára fẹ́ǹsì ilé wa ní Agége, èmi ni mo pa á rẹ́ láàárọ̀ yìí.

"Ilé yìí kì í ṣe títà." Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, kí àwọn gbájúẹ̀ má baà tà á tí a bá lọ ṣọdún Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Bàbá ti di olóògbé báyìí, àwa ọmọ sì ti fẹnu kò pé ká ta ilé náà. Mo gbálẹ̀, mo nu fèrèsé, mo kun ọ̀dà funfun bo ọ̀rọ̀ náà, torí pé àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀.

Màmá kan dé láti Ọ̀pẹ̀bì. Wọn ò wọlé rárá. Iwájú fẹ́ǹsì ni wọ́n dúró sí.

"Ọ̀dà ibí yìí ṣì tutù. Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún wọn.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Ta ló wá pa á rẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ mi, ilé ni mo wá rà. Mi ò wá ra ẹjọ́."

Wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní gbogbo fẹ́ǹsì ló yẹ kí n kùn, kì í ṣe ojú kan. Bóyá òótọ́ ni. Inú ò bí mi, ẹkún ò sì wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta ilé bàbá yín rí, ẹ bá mi dá sí i: ṣé gbájúẹ̀ nìkan ni Bàbá ń bá wí ni, àbí àwa ọmọ náà wà níbẹ̀?