Àga Òfìfo Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mi Nídìí Káàdì n'Íléṣà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí n'Íléṣà nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí. Mo ti gbé e sínú títí, ó ti sú mi. Ẹni tó bá fẹ́ ní irọ́ ni mò ń pa, kó máa sọ bẹ́ẹ̀!

Ẹ mọ̀ pé télọ̀ ni mí ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé mo mọ káàdì í ta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Múfú, ló kọ́ mi ní póka nígbà tí a wà ní kékeré, tí kì í síná, tí a ò rí tẹlifíṣọ̀n wò. Kò sí fífi owó ta á o! Ẹ̀wà gbígbẹ la fi ń ṣe ṣíìpù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń lò dípò owó nídìí káàdì. Bí ìyá wa bá rí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, ọmọrógùn ni wọn ì bá fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Wàyí, òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ṣí n'Íléṣà, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ ṣe ìdíje póka kí àwọn èèyàn lè mọ̀ wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá borí yóò gbé firísà lọ sílé. Firísà! Èmi tó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ máa ta omi tútù àti zóbò mọ́ iṣẹ́ télọ̀? Kíá ni mo forúkọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé tí ìdíje náà bọ́ sí, ọyẹ́ mú kọjá bó ṣe yẹ. Láti Òṣogbo títí a fi dé Iléṣà, ńṣe ni gbogbo títì funfun báláú, dẹ́rẹ́bà tan iná mọ́tò lójúmọmọ. Bọ̀dá Múfú ń ka ẹ̀kọ́ sí mi létí nínú mọ́tò. Wọ́n ní níbẹ̀rẹ̀ ìdíje, kò sẹ́ni tó lè borí, ṣùgbọ́n èèyàn lè ti ibẹ̀ pàdánù. Kí n máa ju káàdì tí kò dáa sílẹ̀, kí n máa fojú ṣiṣẹ́, kí n mọ ẹni tó jẹ́ ojo àti ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀. Kí n má kó gbogbo ṣíìpù mi lé ohunkóhun tí kò bá dá mi lójú.

A dé ẹnu géètì òtẹ́ẹ̀lì. Bọ̀dá Múfú yà sí ẹ̀yìn ògiri láti tọ̀ (ẹ má bínú, bó ṣe rí ni mò ń sọ ọ́). Ìgbà yẹn ni mo rí bàbá kan.

Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n fi pílásítà lẹ òwú mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ òsì wọn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba omi sára. Òórùn kòkó tútù tí wọ́n fi ewé bò kó lè kan, ẹ mọ òórùn yẹn, ń jáde lára wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n bi mí pé àga wo ni wọ́n fún mi. Mo ní àga karùn-ún, tábìlì kejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni tèmi. Bá mi ṣọ́ ọ, mò ń bọ̀."

Kí n tó dáhùn, wọ́n ti wọnú ọyẹ́ lọ. Nígbà tí Bọ̀dá Múfú dé, mo ní ṣé ẹ rí bàbá yẹn? Wọ́n ní bàbá wo?

Eré bẹ̀rẹ̀. Àga kẹfà, tó wà lápá òsì mi, ṣófo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: bí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kò bá tíì dé, wọn á to ṣíìpù rẹ̀ síwájú àga rẹ̀, wọn á máa pín káàdì fún un, wọn á sì máa kó káàdì náà padà láìṣí i wò. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kan wà tó jẹ́ kàn-ń-pá, tí olúkúlùkù ń gbé sáàárín tábìlì bó bá ti yí kàn án. Wọn á máa mú tirẹ̀ níbẹ̀. Olóhun ò sí nílé, ohun rẹ̀ sì ń dín kù!

Ta ni kò ní fẹ́ jókòó ti irú àga bẹ́ẹ̀? Bó bá ti kàn án, tí àwọn yòókù sì ju káàdì wọn sílẹ̀, màá kàn fi díẹ̀ lé tèmi, màá sì kó gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò bá mi du ú? Bọ̀dá Múfú, tí wọ́n jókòó láàárín àwọn òǹwòran, ń mi orí sí mi tayọ̀tayọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo kó o ni òórùn kòkó yẹn dé. Nínú yàrá tí wọ́n fín lọ́fínńdà sí! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó yínmú. Apá mi òsì wá tutù, apá òsì nìkan, bí ìgbà tí èèyàn bá dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí wọn ò tì.

Aúsùbílláhì! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyátù-kúrísíyù sínú. Ọ̀rọ̀ bàbá ẹnu géètì wá sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní kí n bá wọn ṣọ́ ọ. Ṣé kíkó ni wọ́n ń pè ní ṣíṣọ́?

Nígbà tó tún yí kàn wá, tó ku èmi àti àga òfìfo, mo ju káàdì mi sílẹ̀. Ṣíìpù tèmi lọ sọ́dọ̀ àga. Gbogbo tábìlì ń wò mí. Bọ̀dá Múfú rìn wá sẹ́yìn mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Sìkírá, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ta lò ń fún?"

Mo ní kí wọ́n ṣì máa wò mí níran.

Kò pẹ́ sí i, káàdì tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ jẹ́ kíńgì méjì. Ẹni tó bá mọ póka mọ̀ pé éèsì méjì nìkan ló ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin kan tó jókòó kọjú sí mi, Dáre, ará Ifẹ̀wàrà, tó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ti gbogbo ṣíìpù rẹ̀ sáàárín. Firísà ń bọ̀! Mo ti fọwọ́ gbá gbogbo tèmi mọ́ra kí n tì í síwájú.

Mo gbọ́ ọ létí òsì. Ohùn jẹ́jẹ́, ohùn àgbàlagbà.

"Fi í lẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́."

Mo fi í lẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí káàdì kúrò lọ́wọ́ mi. Dáre rẹ́rìn-ín, ó ṣí tirẹ̀ hàn: éèsì méjì! Ká ní mo tẹ̀ lé ọkàn mi ni, à bá ti máa wá mọ́tò Òṣogbo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Kíkẹ́, ọmọbìnrin tó ń pín káàdì fún wa, ti dáwọ́ dúró. Àga òfìfo yẹn ló tẹjú mọ́.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ta ló sọ̀rọ̀?"

Orí mi wú. Kíkẹ́ gbé ohùn sókè, ó bèèrè bóyá a rí ẹni tó mọ ẹni tó ni àga kẹfà. Mo ní mo pàdé wọn ní géètì láàárọ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Dáre. Ó ní báwo ni ẹni náà ṣe rí? Mo sọ ọ́: gíga wọn, ìlà pélé, òwú ẹ̀yìn ọwọ́, òórùn kòkó. Ó rọra dìde dúró.

"Madam, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni àga yẹn. Bàbá Ajíbóyè. Èmi ni mo forúkọ wọn sílẹ̀. Oko kòkó ni wọ́n ti ṣubú. Láti Ọjọ́rú ni wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù níbí, wọn ò mọ ẹni tó ń lọ tàbí tó ń bọ̀."

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan lọ́dọ̀ àga náà mọ́. A ò bá ara wa sọ ọ́ o. Bó bá ti kàn án, kálukú á ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ lọ sinmi, alábòójútó ìdíje wá. Ó ní òfin ni pé ẹni tí kò bá dé títí di ìsinmi, àwọn yóò kó ṣíìpù rẹ̀, àwọn yóò sì gbé àga rẹ̀ kúrò. Ó na ọwọ́. Bó ṣe fẹ́ fi kàn án báyìí, fóònù Dáre dún.

Ṣé ohun tí mo rò lẹ̀yin náà ń rò? Dáre gbé e. Ó tẹ́tí, ó ní, "Ẹ ní kí ni?" Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Bàbá ti lajú! Ìyá Dáre ló pè láti ọsibítù. Wọ́n ní bàbá bèèrè ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n sì ń bínú pé ó pẹ́.

Èmi kọ́ ni mo gbé firísà o. Ipò kẹrin ni mo ṣe. Obìnrin kan láti Ìpẹ̀rìndó ló gbé e lọ, mo sì bá a yọ̀, níwọ̀nba.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra ọsàn, mo lọ kí bàbá náà. Bọ̀dá Múfú kọ̀ láti wọlé, abẹ́ igi níta ni wọ́n dúró sí. Bí mo ṣe rí ojú bàbá báyìí, àwọn gan-an ni! Mo kúnlẹ̀. Wọn ò mọ̀ mí. Wọ́n ní àwọn ò rí mi rí láyé àwọn.

Dáre bá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní nínú oorun yẹn, àwọn wà níbi kan tó tutù, tí àwọn èèyàn jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo ojú àwọn níbẹ̀.

"Àfi obìnrin kan," ni wọ́n wí. "Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kúrò kí n lè ráyè."

Ṣé mo gbé ìgbọ̀nwọ́ mi kúrò? Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rántí. Mo ti ronú títí, mi ò rántí.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: má kánjú níbẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, torí ẹni tó bá ṣì wà nídìí eré ló lè borí. Má sì yára pín ohun ẹni tí kò tíì dé. Ẹni tí kò sí níjòókòó kọ́ lẹni tí kò sí láyé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti jókòó ti àga òfìfo rí, tó sì mọ̀ ọ́n lára pé kò ṣófo? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ lójú ọ̀sán!