Ọ́ọ̀fù Lẹ́nu Màmá Alágbàfọ̀

Màmá á gbé áyọ́ọ̀nù eléédú súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n á dijú, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa lajú, wọ́n á ti mọ̀ bóyá iná inú rẹ̀ tó tàbí ó ti pọ̀ jù. Èmi náà á dijú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, bẹ́ẹ̀ n ò mú nǹkan kan dání. "Ó ti tó," wọ́n á ní. Áyọ́ọ̀nù á bọ́ sórí yúnífọ́ọ̀mù funfun, omi tí wọ́n wọ́n sára aṣọ á dún ṣàà, òórùn sítáàṣì á sì gba gbogbo fáráńdà. Títí dòní, bí òórùn yẹn bá kan imú mi, ebi ló máa ń pa mí, torí bí wọ́n bá lọ aṣọ tán ni wọ́n máa ń bu gúgúrú fún mi.

Màmá kì í ṣe ìyá ìyá mi, wọn kì í sì í ṣe ẹbí wa. Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ará Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé nínú ilé tí a háyà ní Ìdí-Àràbà. Nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú àwọn kọ́sítọ́mà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kékeré kan ní Yábàá. Òkè Ọya ni iṣẹ́ gbé bàbá mi lọ. Nítorí náà, bí ilé ìwé bá ti jáde, ọ̀dọ̀ Màmá ni mò ń gbà lọ.

Lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì yìí ni Màmá ti kó ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì kan, ọ́ọ̀fù, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń rán ní gbogbo iṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, Màmá á ní wọ́n ti ọ́ọ̀fù wa. Sítáàṣì tó bá ti kan, ó ti ọ́ọ̀fù. Bí mo bá la ẹnu sílẹ̀ tí n ò dáhùn, "Ọ̀rẹ́ mi, o ti ọ́ọ̀fù ni?" Bí onílé bá sì bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Màmá á rọra sọ fún mi pé, "Má dá a lóhùn. Oòrùn ti mú, ó ti ọ́ọ̀fù nìyẹn."

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "Ìyá ẹ ọ́ọ̀fù lọ́la." Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá mi á sùn títí oòrùn á fi wọlé, wọ́n á din dòdò, wọ́n á sì di irun mi láìkánjú. Yúnífọ́ọ̀mù wọn á wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà Màmá láti àárọ̀ dalẹ́. Ìṣó yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí mo bá jí. Bí aṣọ bá wà níbẹ̀, ìyá mi wà nílé, ayé mi ti tò.

Ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ìyá mi lọ dúútì àárọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ti dé lọ́sàn-án. Wọ́n pe ìrun Alásárì, wọn ò tíì dé. Màmá gbé fóònù pélébé wọn fún mi pé kí n pe ìyá mi. Obìnrin kan tí n ò mọ̀ rí ló dá mi lóhùn ní gẹ̀ẹ́sì.

"Kí ló wí?" Màmá béèrè.

"Ó ní fóònù wọn ti ọ́ọ̀fù."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni omi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn lẹ́nu mi bí ààdùn ti wá korò. Mo ro òjò, mo ro ọkọ̀, mo ro ojú títì. Mo bi Màmá bóyá ìyá mi ti kú ni.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Wọ́n dìde. "Lọ gbé yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ kejì wá. Kí ni ìyá ẹ máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la?"

Mo dì mọ́ ìbéèrè yẹn. Ẹni tí wọ́n ń lọ aṣọ ọ̀la fún, ṣebí ó gbọ́dọ̀ wálé wá wọ̀ ọ́ ni. Màmá fẹ́ èédú títí ó fi pọ́n, wọ́n tẹ́ aṣọ, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Wọn ò gbé e dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi tí mo ti dijú sílẹ̀ ni mo gbọ́ òórùn tí kì í ṣe ti sítáàṣì. Nígbà tí mo lajú, ojú áyọ́ọ̀nù ti hàn ràkọ̀ràkọ̀ létí aṣọ náà, ó pọ́n bí ẹ̀yìn àkàrà tó jóná. N ò rí i kí Màmá jó aṣọ rí. Wọ́n wò ó, wọ́n yí aṣọ síhà kejì, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ lọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí géètì fi dún. "Ẹ kúulé o, Màmá!" Ìyá mi ni, òjò ti pa wọ́n, sálúbàtà wọn wà lọ́wọ́ wọn. Mo fò mọ́ wọn lọ́rùn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì wọ́n ṣubú. Aboyún kan ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó ní wọn ò gbọdọ̀ lọ àfi tí òun bá bí, bátìrì fóònù wọn sì ti kú láti ọ̀sán. "Ó bí o! Obìnrin ni. Ariwo ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù lórí wa."

Màmá ò sọ pé kú àbọ̀. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n sì jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀, àwọn tí kì í jókòó bí iná bá ṣì wà nínú áyọ́ọ̀nù. Wọ́n nawọ́ sí aṣọ orí tábìlì.

"Mo ti jó aṣọ ẹ."

"Ẹ̀yin, Màmá? Ẹ̀yin jó aṣọ?" Ìyá mi wo aṣọ, wọ́n wo ojú Màmá, wọ́n sì kúnlẹ̀ sínú omi tó ń ro lára wọn. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ má bínú."

"Dìde jàre. Tí fóònù yẹn bá tún ọ́ọ̀fù, ìwọ gan-an ni màá lọ̀." Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí onílé fi yọjú lójú fèrèsé.

Ìyá mi wọ yúnífọ́ọ̀mù náà títí ó fi gbó. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé etí rẹ̀ tó jóná kúrò. Màmá ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tipẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sùn nínú Olúwa, tàgbàtàgbà, láàárín àwọn ọmọ wọn.

Sùúrùlérè ni èmi ń gbé báyìí. Bí ọmọ mi bá pẹ́ níta tí fóònù rẹ̀ ò sì lọ, mo máa ń yọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ́la síta, mo sì máa ń gbé áyọ́ọ̀nù. Ọmọ náà rò pé mo fẹ́ràn aṣọ lílọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé Màmá mọ̀ pé ìyá mi ń bọ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ aṣọ yẹn. Wọn ò mọ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n ju bí ó ṣe bà mí lọ, wọ́n sì ń lọ aṣọ ọ̀la lọ bẹ́ẹ̀ náà. Bí géètì bá wá dún, tí mo gbọ́ "Ẹ kúulé, Mọ́mì," mo máa ń ọ́ọ̀fù áyọ́ọ̀nù, mo sì máa ń kọ́kọ́ jókòó ná, kí n tó lè sọ pé kú àbọ̀.